Ọkọ̀ ojú omi kò ní bíréèkì: Ohun tó yẹ kí atukọ̀ tuntun mọ̀ lórí odò Ògùn

Ẹni tó bá ń ti Mowe tàbí Ìbàfò lọ sí Èkó lójú títì márosẹ̀ kì í sábà rántí pé odò ń ṣàn kọjá lábẹ́ òun ní Kara. Odò Ògùn ni. Láti ìhà Ṣakí lókè lọ́hùn-ún ló ti ń bọ̀, ó kọjá ní Abẹ́òkúta, ó gba àárín ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ àti Ọbáfẹ́mi-Owódé, kó tó já sínú ọ̀sà Èkó. Àwọn apẹja àtàwọn tó ń wa iyanrìn mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ńjìnnì, tó fẹ́ máa fi í gbafẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, yàtọ̀ sí tiwọn.

Ẹ̀rù tó máa ń ba irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò burú. Ẹni tí omi kò bà lẹ́rù rárá ni kí àwọn ará ilé rẹ̀ máa ṣọ́. Ìgbà tó léwu gan-an ni ìgbà tí ẹ̀rù ti lọ, tí ìmọ̀ kò sì tíì dé: ó ti tukọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹrin láìsí aburú kankan, ó wá kó ìyàwó àtàwọn ọmọ sínú rẹ̀, ó ní Tarkwa Bay ni àwọn ń lọ.

Ọ̀pọ̀ wọn ló mọ mọ́tò wà dáadáa, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Iwájú ni mọ́tò fi ń yà, ṣùgbọ́n ìdí ni ọkọ̀ ojú omi fi ń yà. Bí orí rẹ̀ bá ń lọ sọ́tùn-ún, ìdí rẹ̀ yóò fì sósì, ohun tó bá sì wà níbẹ̀ ni yóò gbá, ìbáà ṣe òpó èbúté tàbí ọkọ̀ apẹja. Kò ní bíréèkì. Bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ kò ní dúró. Ìṣàn omi àti afẹ́fẹ́ ni yóò gba ìjánu rẹ̀ mọ́ atukọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì kò bá sì yí, ìdarí kì í fẹ́ẹ́ gbọ́ràn mọ́.

Èbúté ni ojú ti máa ń ti èèyàn jù, nítorí ibẹ̀ ni òǹwòran pọ̀ sí. Ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ ń ṣe kò le: wọ́n á kọjú ọkọ̀ sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Omi tó ń tì í sẹ́yìn di bíréèkì fún un, ẹ́ńjìnnì náà yóò sì máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, débi tí ìdarí yóò fi máa gbọ́ràn. Ẹni tí omi bá ń tì lẹ́yìn bọ̀ yóò máa sáré ju bó ṣe rò lọ. Níbi tí odò ti sún mọ́ ọ̀sà, omi òkun a máa wọlé, a sì máa padà, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà. Nítorí náà, ibi tí omi dorí kọ láàárọ̀ lè yàtọ̀ sí tọ̀sán. Koríko tó ń léfòó lọ yóò fi í han ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó.

Ibi tí kò sí èrò ló dára láti fi èyí kọ́ra. Wọ́n á so òkúta mọ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo, wọ́n á jù ú sómi, atukọ̀ yóò sì máa gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ogún ìgbà, ọgbọ̀n ìgbà. Kẹ́ẹ̀gì kò ní fọ́ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, kò sì ní bú èèyàn. Àárọ̀ ló dára jù, nítorí afẹ́fẹ́ òkun a máa le sí i lọ́sàn-án, ìgbì ọ̀sà a sì dìde.

Odò yìí ní àsìkò tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983, ni wọ́n ti máa ń tú omi sílẹ̀ nígbà òjò, àwọn ará Ìṣẹrì àti Akute sì mọ ohun tí oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá máa ń gbé wá bá wọn. Ẹni tó mọ odò Ògùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì mọ̀ ọ́n lásìkò náà: ìṣàn á le, ìtì igi á sì máa bá omi bọ̀. Koríko ojú omi tó gba Badagry wọ Nàìjíríà lọ́dún 1984 wà níbẹ̀, ó ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti tú u.

Àjọ NIWA, tí òfin ọdún 1997 gbé kalẹ̀, ló ń mójú tó ojú omi ilẹ̀ wa. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fìdí àṣẹ ìjọba àpapọ̀ lórí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa bá èèyàn wọ láífù-jákẹ́ẹ̀tì. Ara gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló yẹ kó wà, kì í ṣe abẹ́ àga. Okùn kékeré tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì bí atukọ̀ bá ṣubú gbọ́dọ̀ wà lára òun náà. Ní ti epo, ìdá kan nínú mẹ́ta ni àlọ, ìdá kan ni àbọ̀, ìdá kẹta kò ṣeé fọwọ́ kàn.

Kí ẹnikẹ́ni sì tó gbé ìdílé rẹ̀ kúrò ní èbúté, ó yẹ kí ẹlòmíràn nínú ọkọ̀, ìyàwó tàbí ọmọ tó ti dàgbà, mọ bí wọ́n ṣe ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, bí wọ́n ṣe ń pa á, àti bí wọ́n ṣe ń yí ọkọ̀ padà láti wá gbé atukọ̀ fúnra rẹ̀ nínú omi.