Sáàmù: Orin Àwọn Júù Lẹ́nu Ará Òǹdó

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Òǹdó lọ sí Àkúrẹ́ yóò gba Bọ́lọ́rundúró kọjá, ìlú tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ tó ìwàásù. Kì í ṣe ohun tuntun lójú ọ̀nà yìí kí ẹnìkan ka Sáàmù 121 kí ọkọ̀ tó gbéra, kí àwọn èrò yòókù sì ṣe Àmín. Àwọn kan ń fi àṣà náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ọfọ̀ ayé àtijọ́ ni a da aṣọ ìgbàgbọ́ bò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn Júù tí ó ni Sáàmù gan-an kò fi í mọ sínú ilé ìsìn nìkan.

Ní tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù, àwọn ọmọ Léfì a máa kọ Sáàmù tí ó jẹ́ ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: ìkẹrìnlélógún ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọ̀sẹ̀, ìkejìléláàádọ́rùn-ún ní ọjọ́ Sábáàtì. Àwọn ará Róòmù wó tẹ́ḿpìlì náà ní ọdún 70 lẹ́yìn ìbí Kristi, ṣùgbọ́n orin rẹ̀ kò bá a wó. Ó bá àwọn Júù délé. Wọ́n ń ka Sáàmù nítorí aláìsàn. Sáàmù 121 yìí kan náà ni wọ́n máa ń kọ sára ìwé, tí wọn a fi kọ́ sí yàrá aboyún tí ń rọbí. Bí àwọn ìyá wa nínú ìjọ Aládùúrà bá gbọ́ èyí, wọn yóò rẹ́rìn-ín. Ṣebí ohun tí àwọn náà ń ṣe nìyẹn? Mósè Orímọládé Túnọláṣe, ọmọ Ìkàrẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, àti Kristiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Èkó ní 1925. Inú èdè Hébérù ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, Kérúbù àti Séráfù, ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí Sáàmù 136. Ẹsẹ 26 ni ó ní, ègbè kan náà ni ó sì parí gbogbo wọn. Ará Òǹdó tí ó mọ lílé mọ ègbè kò nílò olùkọ́ kankan lórí irú orin bẹ́ẹ̀. Ohùn òyìnbó tí a kọ́kọ́ fi ń kọ orin ìsìn ni ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí ohùn orin bá gbé “Olúwa àwọn ọmọ-ogun” gba ibi tí kò yẹ, ìjọ yóò máa ké pe ọmọ Ògún nínú ṣọ́ọ̀ṣì! Ọ̀kan nínú àwọn tí ó tún èyí ṣe ni T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips tí ó ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Òǹdó. Láti 1914 títí di 1962 ni ó fi tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó. Ó ṣe orin tí ó bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ, ó sì tẹ ìwé jáde lórí orin wa ní 1953.

Kí n má purọ́, àwọn Júù náà ní tiwọn tí ó súnmọ́ òògùn. Ìwé àtijọ́ kan, Shimmush Tehillim, sọ ohun tí a lè fi Sáàmù kọ̀ọ̀kan ṣe. Ìtumọ̀ rẹ̀ wà nínú Ìwé Mósè Kẹfà àti Ìkeje tí wọ́n ti ń tà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tipẹ́. Ẹni tí ó bá di ìyẹn mú, tí kò kọrin, tí kò dúpẹ́, ìdajì Sáàmù ni ó mú.

Ti àlọ àti àbọ̀ ni ẹsẹ tí ó gbẹ̀yìn Sáàmù 121 ń sọ. Lára òpó ẹnu ọ̀nà Júù, àkọsílẹ̀ kékeré láti inú ìwé Diutarónómì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń jáde, bí wọ́n bá ń wọlé, ọ̀pọ̀ wọn a fọwọ́ kàn án. Tiwa, ẹnu ni a fi ń ṣe é, kí awakọ̀ tó ṣáná sí ọkọ̀.