Àgbà Tí Kò Mọ Ọ̀nà Ilé Mọ́

Ní ọjọ́ kan, ní ọjà Ọ̀yìngbò, a rí èrò tí wọ́n pagbo yí ìyá arúgbó kan ká. Ìyá náà kò ju kí ó máa wí pé, "Ilé dà? Ilé mi dà?" Ẹnì kan pariwo pé àjẹ́ ni, pé ẹyẹ ni ó já lulẹ̀. Ẹlòmíràn ti mú òkúta lọ́wọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ ìyá náà tí ó sáré dé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìyá mi ni. Ara rẹ̀ ni kò yá."

Òótọ́ ni ọmọ yẹn sọ. Àìsàn ni, kì í ṣe àjẹ́. Ọpọlọ ni àìsàn náà ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe lè gbàgbé ohun tí ó jẹ láàárọ̀, kí ó sì rántí ohun tí ó ṣe nígbà èwe. Àwa Yorùbá a máa ní, "Bàbá ti ń ṣàrán." Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àgbà ni ó ń ṣe.

Báwo ni a ṣe mọ̀? Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan. Wọ́n lọ bá àwọn àgbà ọdún 65 sókè nílé wọn ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn. Wọ́n fi èdè Yorùbá bi wọ́n ní ìbéèrè. Wọ́n bi àwọn ará ilé wọn pẹ̀lú. Wọ́n ṣe bákan náà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dúró. Èsì rẹ̀ jáde ní 2001. Nínú 100 àgbà ní Ìbàdàn, ẹni tí àìsàn náà ń mú lọ́dún kan lé díẹ̀ ní 1. Ní Indianapolis, ó lé díẹ̀ ní 3. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni ó ń fà á!

Oníṣègùn nìkan kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹnì kan mọ ọpọlọ, ẹnì kan mọ ẹ̀jẹ̀, ẹnì kan mọ ìṣirò, ẹnì kan mọ àṣà àwọn ènìyàn. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Nítorí náà ni a fi ń fẹ́ kí àwọn tí ń kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé kọ́ ju ẹ̀ka kan lọ. Oyè yìí ni ó ga jù nínú oyè tí a ń kàwé gbà. Ẹgbẹ́ CARTA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008, ń kọ́ irú wọn lórí ìlera ará ìlú. Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní 2012, wọ́n ṣí ibi ìtọ́jú àwọn àgbà ní ọsibítù UCH, Ìbàdàn.

Kí ni kí àwa náà ṣe nílé?

Bí àgbà bá ń gbàgbé nǹkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ mú un lọ sí ọsibítù. Bí ó bá ṣe lójijì, ẹ má jáfara. Ó lè jẹ́ ibà, tàbí oògùn tí kò bá a lára mu, èyí tí dókítà lè wò. Ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, nítorí ó ń ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ kọ orúkọ àgbà náà àti àdírẹ́sì ilé sínú ìwé, kí ẹ fi sí àpò rẹ̀. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí.

Bí ẹ bá sì rí àgbà tí ó sọnù lọ́jà, ẹ fún un ní omi, ẹ fi í jókòó, ẹ wá ará ilé rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.