Ọ̀wẹ̀ àti Igi Àjèjì Inú Igbó

Bí wọ́n bá bẹ ọ̀wẹ̀ ní Ìlàrè, ní Ilé-Ifẹ̀, kò sí ẹni tí í bèèrè owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n igbó yàtọ̀ sí oko. Ẹni tí ó ń ro oko mọ ohun tí ó gbìn. Nínú igbó, àdá a máa gé onílé mọ́ àlejò.

Àpẹẹrẹ kan kò jìnnà. Ní ayé ìjọba Òyìnbó, wọ́n gbin igi tíìkì, ọmọ ilẹ̀ Éṣíà, sí apá kan igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, igbó tí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 2005. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń fi igi ìbílẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìdí tí ó fi jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni pé bí oòrùn bá ráyè kan ilẹ̀ lójijì, koríko tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní Akíntọ́lá (àwọn olóṣèlú náà ní ìpín tiwọn nínú igbó!) yóò bò ó. Kùkùté tíìkì pẹ̀lú a tún máa yọ ọ̀mùnú, nítorí náà ọ̀wẹ̀ ọjọ́ kan kò lè ṣẹ́gun rẹ̀.

Ó yẹ kí ọdẹ tàbí oníṣègùn tí ó mọ ewé kọ́kọ́ wọlé, kí ó so àkísà mọ́ àwọn ọmọ ìrókò àti arère, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yọ àdá.