Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì Láàárín Àwa Yorùbá: Ohun tí a Yá àti Ohun tí a Kò Yá

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ tí àwa Kristẹni ń pè ní Lẹ́ńtì, àti bí àwa Yorùbá ṣe ń gbà á. Èmi kì í ṣe àlùfáà, n kò sì wá wàásù. Èdè ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, ìdí kan sì wà, tí n ó sọ níwájú, tí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ kò fi lè jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán fún mi mọ́.

Ilé mi kò jìnnà sí Navy Town, ní agbègbè Ojo, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tí ó lọ sí Àgbádárìgì. Ilẹ̀ Àwórì ni, ṣùgbọ́n nítorí àwọn ológun ojú omi tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdílé wọn, oríṣiríṣi ẹ̀yà Nàìjíríà ni a máa ń bá pàdé lójú pópó. Ní ọdún 2025, ààwẹ̀ méjì pàdé ní àdúgbò wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ni àwọn Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kan náà, tí í ṣe Ọjọ́rú Eléérú, àwa náà bẹ̀rẹ̀ tiwa. Bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, àwọn ènìyàn a máa ra ẹ̀kọ, àkàrà, ọsàn àti omi tútù lẹ́bàá títì. Mo dúró wò wọ́n ní ọjọ́ mélòó kan. Bí kì í bá ṣe ti aṣọ, n kò lè fi bí wọ́n ṣe ń ṣínu mọ èyí tí ó jẹ́ Mùsùlùmí yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ Kristẹni.

Ó yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu ju bí ó ti ń yà wá lẹ́nu lọ. Nígbà ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nísíà ní ọdún 325, a ti ń dárúkọ ogójì ọjọ́ yìí. Láti Ọjọ́rú Eléérú títí di ọjọ́ tí ó ṣáájú Àjíǹde jẹ́ ọjọ́ 46. Bí a bá yọ Ọjọ́ Ìsinmi 6 kúrò, 40 ni yóò kù. Láyé àtijọ́, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn onígbàgbọ́ ń jẹ lóòjọ́, ní ìrọ̀lẹ́, wọn kì í sì í fi ẹran sí i. Nígbà tí ó pẹ́, àwọn ará Yúróòpù fa oúnjẹ náà wá sí ọ̀sán díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fi ìpápánu kún un ní alẹ́. Báyìí ni ọ̀rọ̀ àkókò ṣe rọ̀, tí ó fi jẹ́ pé irú oúnjẹ tí a kò gbọdọ̀ jẹ ni ó wá gba ọkàn wọn. Ní ọdún 1966, Póòpù Paul Kẹfà dín ọjọ́ ààwẹ̀ tí ó di dandan fún ìjọ Àgùdà kù sí méjì péré: Ọjọ́rú Eléérú àti Ọjọ́ Ẹtì tí a kan Olúwa mọ́ àgbélébùú. Ní ọjọ́ méjèèjì náà pàápàá, kò sí ẹni tí a ní kí ó má mu omi.

Ẹ̀ka ti Yúróòpù yìí dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì wà lójú ọbẹ̀ títí di òní. Àwọn ọmọ Àgùdà tí baba ńlá wọn ti Brazil padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún a máa se fìrèjọ̀n ní Ọjọ́ Ẹtì náà: ẹ̀wà dúdú tí a lọ̀ kúnná pẹ̀lú omi àgbọn, tí a fi ọbẹ̀ ẹja jẹ. Ẹran kò sí níbẹ̀. (Ẹni tí ó bá ti jẹ fìrèjọ̀n tí wọ́n sè dáadáa yóò gbà pẹ̀lú mi pé ìyà tí ó wà nínú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.) Ṣùgbọ́n ní ilé púpọ̀ jù lọ láàárín àwa yòókù, àṣà yẹn kò ta gbòǹgbò. Kí ló fà á?

Èrò tèmi ni pé èdè ni ó fà á. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì; ní oṣù kejìlá ọdún kan náà ni Henry Townsend dé. Ẹ̀sìn Ìmàle ti wà láàárín wa tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó dé. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, inú ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ti ṣa èyí tí ó dára: àdúrà, wàásù, àlùfáà, wòlíì, kèfèrí. Ààwẹ̀ wà lára wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nígbà náà ti mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: aládùúgbò tí kò jẹ, tí kò mu, títí oòrùn fi wọ̀. Ìwé Àdúrà ti ọdún 1662 tí àwọn òyìnbó C.M.S. mú wá to Lẹ́ńtì mọ́ àwọn ọjọ́ ààwẹ̀, ṣùgbọ́n kò to ìlànà bí a ó ṣe gbà á. Wọ́n fún wa ní ọjọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fi pè é ni ó fún wa ní ìṣe.

Ẹ tún wò ó pé a ti ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún oúnjẹ tí a kò gbọdọ̀ jẹ. Èèwọ̀ ni. Ẹni tí ń sin Ọbàtálá kì í mu ẹmu. Èèwọ̀ rẹ̀ ni, kì í ṣe ààwẹ̀ rẹ̀. Bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run bá sọ fún Kristẹni tuntun pé kí ó má jẹ ẹran ní Ọjọ́ Ẹtì, ó ṣeé ṣe kí ó dún létí rẹ̀ bí ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ nílé.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé Bíbélì fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ààwẹ̀ títí di àṣálẹ́. Òótọ́ ni, ó wà nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́ àti nínú Samuẹli Kejì. N kò sọ pé ohun tí a ń ṣe kò bá Ìwé Mímọ́ mu. Ó tilẹ̀ jọ ti àwọn onígbàgbọ́ àtijọ́ ju ti àwọn òyìnbó tí ó wàásù fún wa lọ.

Àwọn Aládùúrà ni wọ́n sọ ọ́ di iná. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn influenza ọdún 1918, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde para pọ̀ nínú ẹgbẹ́ àdúrà tí a mọ̀ sí Òkúta Iyebíye. Ní ọdún 1930, ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà. Ní ọdún kan náà ni Josiah Òṣítẹ́lù dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀ ní Ògèrè. Ìjọ náà sì ní ààwẹ̀ ọjọ́ 13 tirẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, tí ó ń parí sí àjọ̀dún Tabieorar ní ọjọ́ 22. Lọ́dọ̀ wọn, ààwẹ̀ kò dúró lórí ìrònúpìwàdà nìkan. Ẹni tí ó ń wá ọmọ ń gbà á, ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ ń gbà á, aláìsàn pẹ̀lú ń gbà á kí ara rẹ̀ lè dá. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó kàn mí.

Mo ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní àtọ̀gbẹ. Ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹta ọdún 2024, mo lo oògùn mi ní òwúrọ̀, mo sì gba ààwẹ̀ gbígbẹ, nítorí pé bàbá mi gbà á títí tí ó fi di ẹni ọgọ́rin ọdún, ojú sì ń tì mí láti jẹun. Nígbà tí ó di agogo méjì ọ̀sán, ara mi ń gbọ̀n, òógùn bò mí, n kò sì dá orúkọ ìyàwó mi mọ̀ mọ́. Omi ṣúgà ni ó rọ sí mi lẹ́nu. Aládùúgbò wa kan, ìyá Mùsùlùmí tí ọkọ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun ojú omi, sáré wọlé. Òun náà ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ta ló ní kí ẹ ṣe èyí? Àwa tí a ni ààwẹ̀ pàápàá, aláìsàn wa kì í gbà á.”

Àwa tí a ni ààwẹ̀! Kò mọ̀ pé òun ti sọ ohun tí mo ti ń kọ sínú ìwé láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ó ṣàlàyé fún mi ohun tí ó wà nínú Sura kejì Àlùkùránì, ní ẹsẹ 184: aláìsàn àti arìnrìn-àjò yóò san ọjọ́ tí wọ́n pa jẹ padà nígbà mìíràn, ẹni tí kò bá ní lè gbà á mọ́ rárá yóò bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìjọ Àgùdà náà ní òfin tirẹ̀: ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18 àti ẹni tí ó ti pé 59 kò sí lábẹ́ dandan.

Níhìn-ín ni mo ti rí àléébù tiwa. A yá ààwẹ̀ náà, a kò yá ìyọ̀ǹda rẹ̀. N kò ní purọ́ mọ́ àwọn olùṣọ́-àgùntàn: ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kéde pé kí aboyún àti aláìsàn má gbà á. Ṣùgbọ́n ìkéde yẹn kò fún aláìsàn ní ohunkóhun láti ṣe. Ó yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù ni, ó sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú rẹ̀. Òfin àwọn Mùsùlùmí fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ẹni tí ó bọ́ tálákà wà nínú ààwẹ̀ bí ẹni tí ebi ń pa. Aísáyà orí 58 sì wà nínú Bíbélì tiwa, níbi tí wòlíì ti ka fífi oúnjẹ fún ẹni tí ebi ń pa mọ́ ààwẹ̀ tí Ọlọ́run yàn. A máa ń kà á ní Lẹ́ńtì. N kò tí ì rí ìjọ tí ó sọ ọ́ di ìlànà fún àwọn aláìsàn rẹ̀.

Ní Lẹ́ńtì ọdún 2025, mo jẹun ní àkókò tí dókítà là sílẹ̀, mo yọ ẹran kúrò, ìyàwó mi sì ń se ìkòkò kan sí i ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń ta omi lójú títì. Mo sọ fún àlùfáà wa, ó sì ní ó dára. Síbẹ̀, bí mo bá fẹ́ jẹun ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ìyàwó mi a kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn, nítorí àwọn ará ìjọ tí ó lè yà wá kí wa.