Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ló ń dun ẹ̀yìn nínú ọkọ̀ kayak?

Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tó ń wa kayak, fóòmù ìjókòó ló sábà máa ń kọ́kọ́ rà. Ẹsẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Ẹ jókòó sílẹ̀, kí ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ: iṣan ẹ̀yìn itan á máa fà, ìbàdí á yí sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á sì tẹ̀ bí ìkọ́. Bẹ́ẹ̀ lèèyàn ṣe ń jókòó nínú kayak fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Tí a bá sún ibi ìfẹsẹ̀tì mọ́ra kí orúnkún lè ká díẹ̀, tí a sì ká aṣọ ìnura sábẹ́ itan, níwájú ìjókòó gan-an, iṣan yẹn á dẹ̀, ìbàdí á sì nàró.

Àwọn kan á ní ṣebí láyé àtijọ́, àwọn Inuit ilẹ̀ Greenland máa ń na ẹsẹ̀ nínú kayak tiwọn, láìsí ìfẹ̀yìntì gíga. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n láti kékeré ni ara wọn ti mọ́ ọn. Fóòmù tó nípọn ńkọ́? Ó ń gbé èèyàn ga, ọkọ̀ á sì máa mì. Ìfẹ̀yìntì gíga náà ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí apá nìkan kọ́ la fi ń fa àjẹ̀. Àárín ara ló ń yí, ohun tó bá ga dé èjìká á sì dí i lọ́wọ́. Èyí tó mọ níwọ̀n, tó gbé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ró, ni mo fara mọ́. Àmọ́ tí ìrora bá ń sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń kú tipiri, ẹ lọ rí dókítà.