Kẹ́ Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Tó Ń Gba Ohùn Sínú Kọ̀ǹpútà

Ká sọ pé ẹ fẹ́ gba oríkì ìdílé yín sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà yín. Ẹ ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká yín síwájú wọn, wọ́n sì ki oríkì náà títí tó fi rẹ̀ wọ́n. Àmọ́ nígbà tẹ́ ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ gbà, ṣe ni ariwo fáànù kọ̀ǹpútà bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Ta ló mọ̀ bóyá wọ́n á tún lókun láti ṣe é lẹ́ẹ̀kejì?

Máíìkì inú kọ̀ǹpútà ò ṣeé gbára lé fún irú iṣẹ́ yìí. Máíìkì gidi lẹ nílò, àti àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní audio interface. Wáyà USB ni wọ́n fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gba iná. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra èyí tó wọ́n jù kí iṣẹ́ yín tó dáa. Ẹ kọ́kọ́ ronú lórí àwọn ìbéèrè yìí.

Ẹni mélòó lẹ fẹ́ gba ohùn wọn lẹ́ẹ̀kan náà? Tó bá jẹ́ ẹnì kan, èyí tó ní ihò máíìkì kan ti tó, irú bíi Behringer UM2, M-Audio M-Track Solo tàbí Focusrite Scarlett Solo. Tó bá jẹ́ ẹni méjì, tí kálukú sì ní máíìkì tiẹ̀, ẹ wá oníhò méjì, bíi Scarlett 2i2 tàbí Behringer UMC202HD. Ẹ má sanwó ihò mẹ́jọ tẹ́ ò ní lò.

Irú máíìkì wo lẹ ní? Dynamic, irú èyí tí wọ́n sábà máa ń fọwọ́ mú ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò nílò bọ́tìnnì 48V. Àmọ́ ọ̀pọ̀ condenser ò ní ṣiṣẹ́ láìsí bọ́tìnnì yẹn lára àpótí náà. Ẹ tún wo ẹnu wáyà máíìkì yín. XLR, tó ní irin mẹ́ta, ló ń wọ ihò máíìkì. Tẹ́ ẹ bá ki ẹnu wáyà oníirin kan bọ ihò gìtá, ohùn náà ò ní dún sókè.

Ṣé ẹni tó ń kọrin á gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀? Ohùn tó bá kọ́kọ́ gba inú kọ̀ǹpútà kọjá máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé etí, ìyẹn sì máa ń da orin rú. Direct monitor ló ń yanjú ẹ̀, torí náà, ẹ béèrè bóyá ó wà lára rẹ̀.

Ọlọ́jà lè máa fi 192 kHz polówó fún yín. Àmọ́ 44.1 kHz ni ti CD, 48 kHz ni wọ́n sì sábà máa ń lò fún fídíò. Èyíkéyìí nínú méjèèjì ti tó fún oríkì, orin àti ìwàásù.

Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ì báà jẹ́ ní Computer Village n'Ìkẹjà tàbí níbòmíì, ẹ gbé kọ̀ǹpútà àti máíìkì yín dání. Ẹ gba ohùn fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ sì fi íapíìsì gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Tó bá wá tó àkókò láti gba ohùn Ìyá, ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà, torí ó lè mú kó máa hùn. Ẹ pa fáànù, kẹ́ ẹ sì gbé máíìkì sún mọ́ wọn lẹ́nu. Tí iná pupa bá ń tàn, ohùn ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ yí i wálẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín.