Ewé Òkun Pupa àti Àwọn Tó Tọpa Ìdílé Rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ewé òkun pupa ló pupa. Òmíràn rúsúrúsú, òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, èyí tí oòrùn bá sì ń pa lórí àpáta lójoojúmọ́ lè di aláwọ̀ ewé. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí ẹni tó bá rí wọn kò ní pè wọ́n ní ewé rárá, nítorí wọ́n le gbagidi bí òkúta. Abájọ tí Carl Linnaeus, ọmọ Súwídìnì tó kọ́ ayé bí a ṣe ń fún ohun abẹ̀mí lórúkọ, fi ka Corallina, ọ̀kan nínú àwọn olókùúta wọ̀nyí, mọ́ ẹranko nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1758.

Ẹ̀yà ewé òkun pupa tí wọ́n ti fún lórúkọ lé ní 7,000. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gbé inú odò; òkun ni ilé àwọn yòókù. Gbogbo wọn ló ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn wá oúnjẹ bíi ti ewéko orí ilẹ̀, ṣùgbọ́n omi òkun kì í jẹ́ kí gbogbo ìmọ́lẹ̀ wọlé bákan náà. Ìmọ́lẹ̀ pupa ló kọ́kọ́ ń tán lójú ọ̀nà. Aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ ewé ló ń rìn jìnnà. Èròjà kan tó ń jẹ́ phycoerythrin wà lára ewé òkun pupa, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti gba ìmọ́lẹ̀ tó ń rìn jìnnà yìí mú. Òun ló fún ewé náà ní àwọ̀, òun náà ló sì jẹ́ kó lè gbé níbi tí ọ̀pọ̀ ewéko òkun mìíràn kò lè dé. Ní 1984, Mark àti Diane Littler, tọkọtaya onímọ̀ ewé òkun, bá ọ̀kan nínú àwọn olókùúta pupa pàdé lẹ́bàá erékùṣù San Salvador ní Bahamas, ní mítà 268 sísàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó dé ibẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 100,000 èyí tó ń bọ́ sójú òkun.

Ewé òkun pupa sì ti pẹ́ láyé. Wọ́n ti rí òkú rẹ̀ tó di òkúta ní Somerset Island ní Kánádà, Bangiomorpha ni wọ́n sọ ọ́, ọjọ́ orí rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù kan ọdún.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ to ewé òkun sí ìdílé-ìdílé, àwọ̀ ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ gbá mú. Ní 1813, J. V. Lamouroux, ará Faransé, ya àwọn ewé òkun sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì pe àwọn pupa ní Floridées. Ní 1836, William Henry Harvey, ọmọ Limerick ní Áílándì, wá pa ààlà náà kó hàn kedere: àwọn pupa lọ́tọ̀, àwọn aláwọ̀ ilẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn aláwọ̀ ewé lọ́tọ̀. Harvey ti ṣe akápò ìjọba ní Cape Town rí kó tó padà sílé wá di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, ó lọ sí Ọsirélíà, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán ohun tó bá rí. Àwòrán 360 ló wà nínú Phycologia Britannica, ìwé rẹ̀ lórí ewé òkun ilẹ̀ Bìrìtìkó.

Kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Ní Torquay, létí òkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amelia Griffiths wà, opó àlùfáà kan tó ń ṣa ewé òkun kiri etí omi, tó sì ń fi ohun tó bá rí ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀. Carl Agardh, onímọ̀ ewéko ní Lund tó padà di bíṣọ́ọ̀bù, fi orúkọ obìnrin yìí sọ ìran ewé òkun pupa kan, Griffithsia, ní 1817. Mary Wyatt, tó ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé ìyáàfin yìí rí, ń ta ìwé tí wọ́n lẹ ojúlówó ewé òkun gbígbẹ mọ́.

Ọgbọ́n wà nínú lílẹ ewé náà. Wọ́n á bu omi sínú àwo pẹrẹsẹ, wọ́n á ju ewé sí i kó tú ara rẹ̀ ká, wọ́n á ti bébà bọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ na àwọn ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó rọra gbé bébà sókè kí omi ro dànù. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi aṣọ bò ó, wọ́n á gbé ohun tó wúwo lé e. Kò sí gọ́ọ̀mù kankan níbẹ̀: yíyọ̀ tó wà lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn ewé náà ni wọ́n fi ń lẹ̀ mọ́ bébà bí wọ́n bá ti gbẹ.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ àti ìrísí lásán kò tó láti fi mọ ẹbí. Jacob Agardh, ọmọ Carl, bẹ̀rẹ̀ ìwé ńlá kan lórí ìsọ̀rí ewé òkun ní 1848. Ọdún 1901 tó kú ni apá tó kẹ́yìn jáde. Ní 1867, Édouard Bornet àti Gustave Thuret ní Faransé fi hàn bí akọ àti abo ṣe ń pàdé lára ewé òkun pupa. Irúgbìn akọ kò ní ìrù, kò lè wẹ̀. Omi ló ń gbé e títí yóò fi kan irun tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ lára abo. Ní 1883, Friedrich Schmitz ní Jámánì tọpa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé náà. Láti ìgbà náà, ọ̀nà tí ewé fi ń bímọ di ohun pàtàkì tí wọ́n fi ń mọ ìbátan.

Ẹni tó bá bèèrè pé kí ni èrè gbogbo wàhálà yìí, kó wo inú ilé ara rẹ̀. Lára ewé òkun pupa tó ń jẹ́ Chondrus àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa èròjà tó ń mú áísìkirímù àti ọṣẹ ìfọyín ki. Lára Gelidium àti Gracilaria, tí àwọn náà jẹ́ ewé òkun pupa, ni agar, èròjà tó ń dì bí ẹ̀kọ, ti ń wá. Fanny Hesse, tí ọkọ rẹ̀ ń bá Robert Koch, onímọ̀ kòkòrò àrùn, ṣiṣẹ́ ní Berlin, ló dábàá ní 1881 pé kí wọ́n máa hu kòkòrò àrùn sórí agar, nítorí kì í tètè yọ́ bí ooru bá mú. Ilé àyẹ̀wò tó bá fẹ́ hu kòkòrò tàífọ́ọ̀dù jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Berlin, orí agar ló ń hù ú sí títí dòní.

Ti Porphyra ló wá kàmàmà jù. Ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ìbátan rẹ̀ ni àwọn ará Jàpáánì ń pè ní nori, tí wọ́n fi ń wé ìrẹsì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dọdẹ irúgbìn rẹ̀ pẹ̀lú igi àti àwọ̀n létí òkun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ibi tí irúgbìn náà ń sá sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdún kan á ṣe rẹpẹtẹ, ọdún kejì á ṣófo, bíi tẹ́tẹ́ títa. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìkórè já wálẹ̀, àwọn àgbẹ̀ òkun sì wà nínú ìnira.

Ẹni tó rí ìdí ọ̀rọ̀ náà kò fẹsẹ̀ tẹ Jàpáánì rí. Kathleen Drew-Baker ni, ní Yunifásítì Manchester. Nígbà tó lọ́kọ ní 1928, iṣẹ́ olùkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí òfin ibẹ̀ kò gba abilékọ láyè. Síbẹ̀ kò fi ìwádìí sílẹ̀. Ó mú irúgbìn wínníwínní tó jáde lára Porphyra umbilicalis, ó kó o sínú omi òkun pẹ̀lú ìkarahun. Irúgbìn náà kò hù di ewé. Ó gbẹ́ inú ìkarahun wọlé, ó sì di fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn onímọ̀ ti mọ fọ́nrán yìí tẹ́lẹ̀: Conchocelis rosea ni, tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Batters ti fún lórúkọ ní 1892 bí ẹ̀yà tó dá dúró. Àṣé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì, bí kòkòrò tó ń jẹ ewé ṣe jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú labalábá tí yóò dà. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 1949.

Sokichi Segawa ti Yunifásítì Kyushu dán an wò lára nori ti Jàpáánì, ó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Láti ìgbà náà, àwọn àgbẹ̀ kì í dúró de oríire mọ́. Wọ́n ń tọ́jú fọ́nrán náà sínú ìkarahun nínú ọpọ́n omi títí ooru yóò fi kọjá. Bí omi bá tutù, irúgbìn á tú jáde, á lẹ̀ mọ́ àwọ̀n, wọ́n á sì na àwọ̀n sínú òkun.

Drew-Baker kú ní 1957. Ní 1963, wọ́n gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un nílùú Uto, ní ìpínlẹ̀ Kumamoto, àwọn èèyàn sì ń pé jọ síbẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdọọdún láti dúpẹ́. Iṣẹ́ ìsọ̀rí ṣì ń lọ: ní 2011, wọ́n yọ nori Jàpáánì kúrò nínú ìran Porphyra, wọ́n sọ ọ́ di Pyropia, ní 2020, wọ́n tún pè é ní Neopyropia.